Kí Ẹ Tó Fi Ìràwọ̀ Wá Orúkọ Nínú Excel

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ àkọsílẹ̀ owó ní Ìlọrin níbí, ọ̀rọ̀ àmì ìràwọ̀ (*) ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ ò lè ṣe kí ẹ má lò ó, torí agbára káká ni ẹ fi máa rí rẹ́jísítà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí wọ́n kọ orúkọ ìlú bákan náà láti òkè délẹ̀. Ẹnì kan á kọ "Omu-Aran", ẹlòmíì á kọ "Omu Aran", ẹlòmíì á lẹ̀ ẹ́ pọ̀ di "Omuaran". Ìràwọ̀ dúró fún ohunkóhun, ì báà pọ̀, ì báà kéré, kódà bí kò sí nǹkan kan rárá. Nítorí náà, "Omu*Aran" á kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmì ìbéèrè (?) ní tirẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló dúró fún: "Omu?Aran" á mú méjì àkọ́kọ́, á fi "Omuaran" sílẹ̀.

Ibi tó ti gba sùúrù rèé. Ká ní orúkọ àwọn ẹgbẹ́ wà ní òpó D, owó wọn wà ní òpó E. Ẹ tẹ "Offa" sí A2, ẹ wá fi VLOOKUP, tó ń wá orúkọ tó sì ń mú owó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wá, kọ:

=VLOOKUP("*"&A2&"*",$D$2:$E$200,2,FALSE)

Owó kan á jáde. Ṣé owó Offa ni? Ẹ wo "Iloffa" ní ìjọba ìbílẹ̀ Oke-Ero: "offa" wà nínú rẹ̀ ketekete, VLOOKUP kì í sì í ya lẹ́tà ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré. Èyí tó bá kọ́kọ́ kàn láti òkè ló máa mú. Bí "Egbe Agbe Iloffa" bá ṣáájú, owó wọn lẹ ó kọ fún Offa, Excel ò sì ní ké gbàjarè. Bẹ́ẹ̀ náà ni "Oro" ní Ìrẹ́pọ̀dùn ṣe lè gbé "Oro-Ago" ti Ìfẹ́lódùn wá. Owó tí àgbẹ̀ fi òógùn kó jọ ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wéré mú un.

Ẹ fi COUNTIF ka iye orúkọ tó bá a mu kí ẹ tó wá owó:

=COUNTIF($D$2:$D$200,"*"&A2&"*")

Bó bá ju 1 lọ, ẹ dúró. Bí orúkọ ìlú bá máa ń gbẹ̀yìn orúkọ ẹgbẹ́, ẹ yọ ìràwọ̀ ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi àlàfo kan tẹ̀ lé ti iwájú: "* "&A2. Iloffa á bọ́, torí kò sí àlàfo ṣáájú "offa" tirẹ̀. Oro-Ago náà á bọ́, torí nǹkan ṣì wà lẹ́yìn "Oro". Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi TRIM gé àlàfo tí ojú ò rí kúrò lẹ́yìn àwọn orúkọ.

Bí A2 bá ṣófo ńkọ́? "*"&A2&"*" á di "**", èyí tó bá gbogbo ọ̀rọ̀ mu, owó ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ á sì jáde fún ẹni tí kò sí. Ẹ fi IF(A2="","",…) ṣáájú rẹ̀.

Ìràwọ̀ kì í rí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ bíi nọ́ńbà, torí náà ẹ tọ́jú nọ́ńbà fóònù bí ọ̀rọ̀. Òdo iwájú rẹ̀ ò sì ní sọnù. Ní XLOOKUP, àbúrò VLOOKUP, ẹ fi 2 sí ipò match mode (ibi tí ẹ ti ń sọ irú ìbáramu tí ẹ fẹ́), bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìràwọ̀ lásán ló máa rí.

Àwọn akọ̀wé mìíràn máa ń fi àmì ìbéèrè sẹ́yìn orúkọ tí kò dá wọn lójú, bíi "Esie?". Ẹ tẹ ~? sínú Find (~ ló ń sọ fún Excel pé àmì ìbéèrè gan-an lẹ̀ ń wá), gbogbo irú wọn á jáde. Ẹ pe akọ̀wé náà kí ẹ tó pa ìwé oṣù dé.