Pọ́ǹpù Tí Kò Yéé Jẹ Bearing: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́

Inú mi kò tíì rọ̀ bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí kò tíì pẹ́ tí a bọ́ lọ́wọ́ pọ́ǹpù kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba orúkọ mi jẹ́ níbi iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ẹ̀rọ ńlá ṣe ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí wọ́n máa ń sọ fún pé, "Ẹ ṣáà jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ ná," tí wọn yóò sì tún padà wá bi yín léèrè ìdí tí ó fi bàjẹ́.

Pọ́ǹpù náà ni ó ń ti omi lọ sára àwọn ẹ̀rọ yòókù kí wọ́n má baà gbóná jù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ bearing, ìyẹn òrùka irin oníbọ́ọ̀lù tí ó ń gbé ọ̀pá pọ́ǹpù kí ó lè máa yí. Bí a bá pààrọ̀ wọn, ara rẹ̀ yóò balẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ariwo yóò tún bẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń lọ yanrìn lórí ọlọ, ibi tí bearing wà yóò sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí a kò ní lè gbé ọwọ́ lé e. Gbogbo ìgbà tí ó bá ṣẹlẹ̀ ni mo máa ń tọrọ àyè kí a dá a dúró láti wádìí ohun tí ń fa ìbàjẹ́ náà, ìdáhùn kan náà sì ni mo máa ń gbà: kò sí àyè, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí iṣẹ́ máa lọ. Mo kọ ìbéèrè mi sínú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́, ó ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á.

Òru ni ó kú pátápátá. Gbogbo ẹ̀rọ tí ó gbára lé omi náà dúró. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, gíríìsì dúdú tí ó ti jóná kún ọwọ́ mi dé ìgbọ̀nwọ́, òrùka inú bearing ti lẹ̀ mọ́ ọ̀pá tí ń yí, puller, irinṣẹ́ tí a fi ń fa bearing yọ, sì ń yọ̀ kúrò lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá fún un. Ọ̀gá wa dúró lé mi lórí, kò sì jẹ́ kí n mí kí ó tó tún béèrè pé, "Ó ku ìgbà wo?" Ó ní kí n fi hámà gbá bearing tuntun wọlé kí ó lè yá. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, bí a bá gbá a, a ti bà á jẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́." Ìgbà náà ni ó yíjú sí àwọn ọmọṣẹ́ tí mo ń kọ́, tí ó ní bóyá ẹni tí ń fi bearing náà sí i ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ojú wọn ni ó ti sọ ọ́. N kò dá a lóhùn. Mo mú bearing náà gbóná dé nǹkan bí 110 °C, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo sì tì í dé àyè rẹ̀ bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ń gbọ̀n, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ni ó fà á.

Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni wọ́n tó gbà kí a tú páìpù kúrò lẹ́nu pọ́ǹpù. Bí bóòtù ìkẹyìn ti jáde ni páìpù fò sí ẹ̀gbẹ́, ihò kò bá ihò mu mọ́. Àwọn wẹ́dà gé e, wọ́n tún un jó, a to mọ́tò àti pọ́ǹpù sí ìlà kan, kò sì tún pariwo láti ìgbà náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ju ohun gbogbo lọ ni pé kí ẹ tú páìpù. Ẹ pa iná, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ti suíìshì, ẹ ti fáàfù méjèèjì, kí ẹ sì jẹ́ kí omi inú rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé dial gauge (ohun ìwọ̀n alábẹ́rẹ́ tí ń fi ìyípòpadà kékeré hàn) lé ara coupling, ìyẹn ibi tí ọ̀pá mọ́tò àti ti pọ́ǹpù ti so pọ̀, kí ẹ máa tú bóòtù páìpù díẹ̀díẹ̀, kí ojú yín sì wà lára abẹ́rẹ́ rẹ̀. Bí ó bá rìn ju 0.05 mm lọ, páìpù ń fa pọ́ǹpù. Àwọn kan yóò sọ pé ó yẹ kí n ti rí i nígbà tí mo ń wọn ìlà coupling. Mo wọ̀n ọ́n nígbà gbogbo, ó sì dára, nítorí pé páìpù ti wà lára pọ́ǹpù nígbà tí mo ń tò ó. Ara irin pọ́ǹpù gan-an ni ó ń lọ́, ibi tí bearing jókòó sí kò sì dọ́gba mọ́. Èmi kọ́ ni mo fi páìpù náà síbẹ̀.

Ẹ má sì ju bearing tí ó bàjẹ́ nù. Ẹ tú u, kí ẹ wo ipa tí àwọn bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ fi sílẹ̀ lára òrùka ìta. Tiwa kò rìn tààrà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí èkejì, èyí sì ni àmì pé ọ̀pá àti ilé bearing kò dọ́gba. Bí ẹrù orí bearing oníbọ́ọ̀lù bá di ìlọ́po méjì, ọjọ́ ayé rẹ̀ yóò dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ, nítorí náà kò sí bí a ti lè mọ̀ ọ́n fi sí tó tí yóò pẹ́ nígbà tí páìpù bá ń fà á.

Ẹ máa kọ ohun tí ẹ béèrè àti èsì tí wọ́n fún yín sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Kí ẹ tó dá páìpù padà, ẹ rí i pé irin tí a ní kí ó gbé e ń gbé e ní tòótọ́, kí ojú páìpù àti ojú pọ́ǹpù sì pàdé fúnra wọn. Bí àwọn tó ń tò ó bá ní láti fi irin wọ́ ọ wá, ẹ má fọwọ́ sí ìwé pé iṣẹ́ náà ti parí.