Kí Ẹ Tó Ya Ojú, Ẹ Pín Ojú Ìwé: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Kọ́míìkì

Kí ẹ tó ya ojú, kí ẹ tó ya aṣọ, kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí ẹnu ẹnikẹ́ni, ẹ pín ojú ìwé kọ́míìkì yín, ìyẹn ìtàn tí a fi àwòrán sọ, sí àpótí àpótí ná. Ìmọ̀ràn tí mo kọ́kọ́ máa ń fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń mú iṣẹ́ wọn wá bá mi ní Àkúrẹ́ nìyí, ó sì máa ń yà wọ́n lẹ́nu, torí ohun tí ọ̀pọ̀ wọn wá bi mí ni bí wọ́n ṣe lè ya ọwọ́ kó jọ ọwọ́. Ọwọ́ yíyà ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n àpótí, ìyẹn ìlà tí a fà yí àwòrán kọ̀ọ̀kan ká, tí ọwọ́ náà wà nínú rẹ̀, bó ṣe tóbi tó, ibi tó wà lójú ìwé, ohun tó tẹ̀ lé e, àlàfo tó wà láàárín òun àti èkejì rẹ̀, àwọn wọ̀nyí ló ń sọ fún òǹkàwé bóyá ọwọ́ náà ń bẹ̀bẹ̀ ni tàbí ó ń halẹ̀.

Iṣẹ́ kan ló là mí lójú sí i. Mo fẹ́ ya ìtàn obìnrin kan ní ìlú Oǹdó tí ọkọ rẹ̀ kú, tí ó wá ń ṣe opó. Ìtàn àtinúdá ni, àmọ́ kò sí ẹni tó dàgbà ládùúgbò wa tí kò mọ irú yàrá bẹ́ẹ̀: ẹní nílẹ̀, aṣọ dúdú, fèrèsé tí wọn kò ṣí, àwọn ẹbí ọkọ tó ń wọlé tó ń jáde. Ohun tí mo fẹ́ kó ta òǹkàwé lára ni híhá inú yàrá yẹn. Mo lè kọ ọ́ sí obìnrin náà lẹ́nu pé inú ilé yìí ń há mọ́ òun. Mo lè ya omijé sí i lójú. Kò tíì tó. Mo wá pinnu pé ní gbogbo ìgbà tó bá fi wà nínú ilé, àpótí mẹ́sàn-án ni n ó máa lò lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta mẹ́ta ní ìlà mẹ́ta, kí gbogbo wọn dọ́gba, kí ọ̀kan má ju èkejì lọ. Ìlà tó yí àpótí ká wá di ògiri. Bí obìnrin náà bá dìde, orí rẹ̀ á kan ìlà òkè. Bí àbúrò ọkọ rẹ̀ bá wọlé, ìdajì ara obìnrin náà á bọ́ sẹ́yìn ìlà, a ò ní rí i mọ́, nínú ilé tó jẹ́ tirẹ̀. N kò fi ọ̀rọ̀ kankan ṣàlàyé rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bọ́ aṣọ opó lára rẹ̀, tó jáde sí ìta, mo mú gbogbo ìlà kúrò. Àwòrán kan ṣoṣo gba odindi ojú ìwé, ó dé etí bébà ní gbogbo ìhà: ọjà, èrò, oòrùn, òun náà ní ìsàlẹ̀ lápá òsì, ó kéré, ó ń rìn lọ. Mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí kì í ka kọ́míìkì rárá. Ó ń ṣí i, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé ojú ìwé yẹn, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó ti jáde o." Ìgbà yẹn ni mo gbà pé ojú ìwé tí a pín dáadáa máa ń bá ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa yíyà sọ̀rọ̀.

Àwọn àpótí kéékèèké tó ṣáájú ló fún ojú ìwé ńlá yẹn lágbára. Mo ń tẹnu mọ́ èyí torí ohun tí mo ń rí lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa. Láti ojú ìwé kìíní ni ìjà ti ń gba gbogbo bébà, àpótí ń dábùú ara wọn, òmíràn fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ó wu ojú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀tá gan-an bá wá yọ, kí ló kù tí wọ́n fẹ́ fi fi títóbi rẹ̀ hàn? Ẹ má tètè ná ààyè yín tán.

Alan Moore tó kọ ìtàn àti Dave Gibbons tó yà á lo irú àpótí mẹ́sàn-án yìí nínú Watchmen, kọ́míìkì alápá méjìlá tí ilé iṣẹ́ DC gbé jáde ní Amẹ́ríkà láàárín 1986 sí 1987. Mo bẹ̀ yín, ẹ wá apá karùn-ún rẹ̀ wò. Ẹnì kan wà nínú ìtàn náà tí wọ́n ń pè ní Rorschach. Ìbòjú funfun ló ń wọ̀, tí àbàwọ́n dúdú ń yí kiri lójú rẹ̀, ohun tó bá wà lápá òsì náà ló máa ń wà lápá ọ̀tún. Bí wọ́n ṣe to apá karùn-ún yẹn nìyẹn pẹ̀lú. Bí wọ́n ṣe pín ojú ìwé àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣe pín èyí tó kẹ́yìn, ìkejì bá èyí tó ṣáájú ìkẹyìn mu, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀ títí wọ́n fi pàdé láàárín ìwé, níbi tí ojú ìwé méjì tó kọjú síra ti jẹ́ òjìji ara wọn. Ilé tí Rorschach wọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ náà ni àwọn ọlọ́pàá ti ká a mọ́ ní ìparí. Kí wọ́n tó dẹ pańpẹ́ fún un nínú ìtàn ni ojú ìwé ti dẹ ẹ́ sílẹ̀. Òǹkàwé lè kà á tán láìfojú rí ètò yìí, àmọ́ á mọ̀ ọ́n lára pé kò sí ọ̀nà àbáyọ. Ohun tí mò ń pè ní kókó ìtàn nìyẹn, pé kó wà nínú egungun ojú ìwé, kí ọ̀rọ̀ ẹnu má nìkan rù ú.

Àpótí náà ló ń darí àsìkò. Ní 1955, Bernard Krigstein ya ìtàn kúkúrú kan fún EC, ilé iṣẹ́ kọ́míìkì kan ní Amẹ́ríkà, Master Race ni àkọlé rẹ̀. Ojú ìwé mẹ́fà ni wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ fún un, ó ní òun fẹ́ méjìlá, wọ́n fún un ní mẹ́jọ. Ọkùnrin kan tó ti jẹ́ ọ̀gá ní àgọ́ tí àwọn Násì ilẹ̀ Jámánì ti ń pa ènìyàn ló sá wá sí Amẹ́ríkà. Nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ló ti rí ojú ẹnì kan tó mọ̀, ìbẹ̀rù mú un, ó sá, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ níwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ìṣubú yẹn. Krigstein gé e sí àpótí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò tira wọn, tí òǹkàwé fi ń bá ọkùnrin náà ṣubú díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wò ó ni mo ti mọ̀ pé bí mo bá fẹ́ kí ohun kan pẹ́, kí n gé e sí púpọ̀. Odindi ọdún kan sì lè kọjá nínú àpótí gbọọrọ kan ṣoṣo.

Òkè Ìdànrè ló tún kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gun àtẹ̀gùn rẹ̀ tó lé ní 600 mọ̀ bí orókún ṣe ń rí kéèyàn tó dé ibùdó ìsinmi tó kàn. Mo ń ya ọmọkùnrin kan tó ń gùn ún lọ bá bàbá rẹ̀ àgbà. Àpótí gígùn tóóró tó bẹ̀rẹ̀ láti òkè ojú ìwé dé ìsàlẹ̀ ló yẹ ẹ́, ìyẹn kò ṣòro. Ohun tó ṣòro ni pé ojú òǹkàwé máa ń sọ̀ kalẹ̀ ni, nígbà tí ọmọ náà ń gòkè. Mo wá fi bàbá àgbà sí òkè pátápátá, mo kọ ohùn rẹ̀ síbẹ̀: "Ṣé o ń bọ̀?" Ojú òǹkàwé pàdé ohùn yẹn ná, lẹ́yìn náà ló wá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń lọ, ó ń lọ, kó tó rí ọmọ kékeré kan ní ìsàlẹ̀ tó gbé ọwọ́ lé orókún. Ojú òǹkàwé ti wọn ọ̀nà náà fúnra rẹ̀. Ẹ máa ro ibi tí ojú ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde. Tiwa ń ti òsì lọ sí ọ̀tún. Àwọn ará Japan máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún, nítorí náà bí ẹ bá ń wo kọ́míìkì wọn kọ́ bí wọ́n ṣe ń pín ojú ìwé, ẹ rántí yí i padà kí ẹ tó lò ó.

Àlàfo tó wà láàárín àpótí ńkọ́? Bí ìdákẹ́jẹ́ oníyàá ìlù láàárín gbólóhùn méjì ni: etí ló ń parí ohun tí ọwọ́ kò lù. Scott McCloud, ayàwòrán kọ́míìkì ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké nínú Understanding Comics, ìwé tó gbé jáde ní 1993, pé òǹkàwé fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àpótí kan sí èkejì. Ẹ fi ọkùnrin tó na àáké sókè hàn, kí àpótí kejì jẹ́ igbe lóru lórí òrùlé ìlú. Ta ló sọ àáké náà kalẹ̀? Òǹkàwé ni. Èmi gbà pé ibi tó ṣókùnkùn jù lọ nínú ìtàn yẹ kó bọ́ sínú àlàfo. N kò ya ikú ọkọ obìnrin opó yẹn. Ife omi wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú àpótí kan. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ife wà nílẹ̀.

A kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú èyí nílẹ̀ wa. Akinọlá Láṣekàn, ọmọ Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí, ń ya àwòrán òṣèlú sínú ìwé ìròyìn West African Pilot láti àwọn ọdún 1940. Àpótí kan ṣoṣo ló ní láti fi bá àwọn òyìnbó amúnisìn jà, gbogbo nǹkan sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn òbí wa náà rántí ìwé ìròyìn Atọ́ka, níbi tí wọ́n ti ń fi fọ́tò àwọn òṣèré orí ìtàgé to ìtàn sínú àpótí, tí ọ̀rọ̀ á wà lẹ́nu wọn. Bí ẹ bá rí ẹ̀dà kan nílé bàbá tàbí ìyá yín àgbà, ẹ wò ó bí oníṣẹ́: ìgbà wo ni wọ́n sún mọ́ ojú, ìgbà wo ni wọ́n fà sẹ́yìn?

Ọ̀rọ̀ ìtẹ̀wé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé tí wọ́n fi pín-ìn-nì gún láàárín máa ń ní ojú ìwé mẹ́jọ, méjìlá, mẹ́rìndínlógún, torí bébà kan tí a ká sí méjì á fún wa ní mẹ́rin. Nítorí náà ẹ ka ojú ìwé yín kí ẹ tó yà á, kí ohun ìyàlẹ́nu bọ́ sí ẹ̀yìn ibi tí òǹkàwé ti máa ṣí ìwé, ìyẹn lápá òsì. Bó bá bọ́ sápá ọ̀tún, ojú á ti rí i kí ọkàn tó débẹ̀. Bí àwòrán yín bá dé etí bébà, ẹ yà á kọjá etí díẹ̀, kí ẹ̀rọ tó ń gé bébà má fi funfun sílẹ̀.

Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, tí mo mọ̀ ti ń kàwé báyìí, ìyẹn sì yí nǹkan padà. Kò sí ojú ìwé tí wọ́n máa ṣí. Ìka ló ń fa ìtàn lọ sókè. Àlàfo ló wá di agogo níbẹ̀. Bí àpótí méjì bá sún mọ́ra, kíá ni wọ́n tẹ̀ léra; bí òfìfo bá gùn láàárín wọn, ìka á máa fà, àyà á máa já. Ẹ gbé iṣẹ́ yín sórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, kí ẹ fi ìka ara yín fà á wò kí ẹ tó gbé e síta.

Ohun tí èmi ń ṣe kí n tó fọwọ́ sí ojú ìwé kan ni pé mo máa ń kọ́kọ́ yà á kékeré, kó tó páálí ìṣáná, láìsí ojú, láìsí ọ̀rọ̀, òjìji ènìyàn lásán nínú àpótí. N ó wá gbé e fún ẹni tí kò mọ ìtàn náà. N kì í bi í bóyá ó dára. N ó ní kó sọ fún mi ta ló lágbára nínú ojú ìwé náà, ta ni ẹ̀rù ń bà, àti ibi tí ojú rẹ̀ ti dúró pẹ́ jù. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ohun tó wà lọ́kàn mi, àpótí ni mo máa ń tún tò, n ò tíì ní fọwọ́ kan ọ̀rọ̀.