Pípààrọ̀ Rédíétọ̀: Afẹ́fẹ́ Ló Ń Ba Iṣẹ́ Jẹ́

Kí ẹ tó dá rédíétọ̀ lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi ń gbà jáde. Púpọ̀ nínú rédíétọ̀ òde òní, alumíníọ̀mù ni àárín rẹ̀, ike ni igbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Tó bá pẹ́ nínú ooru, ike náà á gan, á sì là. Bí ẹ bá rí ìdọ̀tí funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó gbẹ mọ́ ibi tí ike àti irin ti pàdé, ibẹ̀ ló ti ń jò. Ṣùgbọ́n tí omi bá ń dín kù láìjò síta, tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sì funfun bíi mílíìkì, ọ̀rọ̀ topù gáskẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀, nìyẹn. Ẹ má tíì ra rédíétọ̀.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá. Ọmọrí rédíétọ̀ ló ń sé omi mọ́lé pẹ̀lú agbára bíi 1 bar, ìdí nìyẹn tí omi kì í fi í hó ní 100°C. Ẹni tó bá ṣí i nígbà tó ṣì gbóná, ojú ara rẹ̀ ni yóò fi gba omi híhó.

Ẹ tú wáyà bátìrì, ẹ gbé ọpọ́n sábẹ́, kí ẹ ṣí ẹnu tó wà nídìí rédíétọ̀ kí omi lè jáde. Ẹ má da kúláǹtì, ìyẹn omi tó ń mú ẹ́ńjìnì tutù, sílẹ̀ẹ́lẹ̀: ó dùn lẹ́nu, ajá àti ológbò máa ń lá a, májèlé sì ni. Tí hóòsì bá lẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yí i lọ́tùn-ún lósì. Ẹ má fi irin họ ọ́. Èyí tó bá ti rọ̀ jù tàbí tó ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pọ̀. Nínú ọkọ̀ tí gíà rẹ̀ jẹ́ ọtomátíìkì, páìpù ọ́ìlì gíà méjì sábà máa ń wọ inú rédíétọ̀. Ẹ dí ẹnu wọn, kí ẹ sì dá iye ọ́ìlì tó jò padà. Kí ẹ tó gbé tuntun wọlé, ẹ fi í ti àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wo ẹnu hóòsì àti ojú bóòtì bóyá wọ́n bára mu. Rọ́bà tí àtijọ́ jókòó lé, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi í sábẹ́ tuntun.

Ohun tí ẹ ó dà sínú rẹ̀ ni kúláǹtì ìdajì, omi distilled (omi tí wọ́n ti yọ èérí rẹ̀) ìdajì. Omi ẹ̀rọ máa ń fi èérí dì sínú, bó ṣe ń ṣe nínú kẹ́tù. Ẹ má fi àwọ̀ mọ kúláǹtì. Ohun tí ìwé ọkọ̀ sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé, torí oríṣi méjì tí kò bára mu lè dì pọ̀ kí ó dí ọ̀nà.

Ibi yíyọ afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ ti ń kánjú. Ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè díẹ̀, ẹ tan hítà sí ibi tó gbóná jù, ẹ ṣí ọmọrí sílẹ̀ kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnì. Afẹ́fẹ́ á máa yọ ní ìfófòó. Nígbà tí tẹmosítáàtì, ìyẹn ohun tó ń ṣí ọ̀nà fún omi tí ẹ́ńjìnì bá gbóná, bá ṣí, ní nǹkan bíi 82 sí 95°C, hóòsì òkè á gbóná lójijì, omi á sì lọ sílẹ̀ gbùà. Ẹ bù sí i. Ẹ dúró títí fáànù yóò fi tan, tí yóò kú, lẹ́ẹ̀mejì. Tí ooru bá ń gòkè tí hítà sì ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú. Ẹ má yọ tẹmosítáàtì dànù nítorí èyí o, bí àwọn kan ṣe ń ṣe: ẹ́ńjìnì tí kò gbóná tó máa ń jẹ epo.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ́ńjìnì tó gbóná, ẹ bù sí i títí yóò fi wà láàárín àmì MIN àti MAX tó wà lára ike omi, kí ẹ sì fọwọ́ kan kílíìpù hóòsì ìsàlẹ̀ bóyá ó lómi.