Ọwọ́ ẹ̀ yá, àmọ́ kì í gbọ́

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti lù, oorun ò kùn mí. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá tá a jọ ń tún mọ́tò ṣe sọ ní kíṣìnì ló ṣì ń dún létí mi. Èmi kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ o, ọmọ wọn obìnrin ni, lórí fóònù, èmi kàn ń fọ gírísì kúrò lọ́wọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Ọwọ́ ẹ̀ yá, àmọ́ kì í gbọ́."

Kí ni mi ò gbọ́?

Model T, mọ́tò Ford àtijọ́ yẹn náà ni. Ti 1924, Trafford Park ní Manchester níbí ni wọ́n ti tò ó. Sátidé mẹ́ta ló ti ń kọsẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. Tá a bá jí i, á dáa, tó bá wá fẹ́ máa sáré báyìí, ọ̀kan nínú sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á kàn dákẹ́. Mo ti pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì, mo ti tú kábúrétọ̀ fọ̀, mo yẹ ọ̀nà epo wò torí kò ní pọ́ǹpù, epo kàn ń ṣàn wálẹ̀ fúnra ẹ̀ látinú táǹkì abẹ́ ìjókòó ni. Gbogbo ẹ̀ dáa. Ó ṣì ń kọsẹ̀.

Níbi iṣẹ́ mi, ẹ̀rọ la máa fi kàn án, á kọ P0303, sílíńdà kẹta nìyẹn. Èyí ò lẹ́nu tó máa fi sọ ọ́. Àmọ́ P0303 náà kì í sọ ohun tó fà á, ká sòótọ́...

Ohun tó dùn mí jù ni pé etí ni wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́. Ọ̀gá mi n'Íbàdàn á gbé ẹnu sukudiráífà lé ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi ìdí ẹ̀ ti etí, wọ́n á dijú. "Dákẹ́, ó ń sọ̀rọ̀." Ọdún mẹ́rin ni mo lò lọ́dọ̀ wọn. Ta ló wá ní mi ò kì í gbọ́? Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé báàgì mi kí n máa lọ.

Mi ò lọ ṣá. Mo padà sídìí mọ́tò náà. Kọ́ìlì mẹ́rin, àwọn tó ń fún pílọ́ọ̀gì níná, ló wà nínú àpótí ẹ̀, ọ̀kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ìkọ̀ọ̀kan ń kùn bí oyin. Mo ń fi ìka tẹ irin pẹlẹbẹ tó ń gbọ̀n lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ ìkíní, ẹ́ńjìnnì fẹ́ kú, ìkejì náà bẹ́ẹ̀. Mo tẹ ìkẹta, kò ṣe é bí ẹni pé mo fọwọ́ kàn án. Mo fi kọ́ìlì kejì rọ́pò ẹ̀, sílíńdà kẹta náà ló ṣì dákẹ́. Kì í ṣe kọ́ìlì nìyẹn. Mo wá kàn dúró. Mo gbé ọ̀pá tó wà lára sítíárìn, èyí tó ń pinnu ìgbà tí pílọ́ọ̀gì á ta iná, sókè, kọ́ìlì kẹta ń kùn. Mo fà á wálẹ̀, ó dákẹ́. Sókè, ó ń kùn. Wálẹ̀, ó dákẹ́.

Wáyà ni! Ọ̀pá yẹn ló ń yí táímà, ohun tó ń tan kọ́ìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, tó wà níwájú ẹ́ńjìnnì, gbogbo ìgbà tó bá ti yí làwọn wáyà náà ń tẹ̀, èyí tó jẹ́ ti ìkẹta ti já sínú aṣọ ẹ̀. Téèyàn bá wò ó lóde, kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo fi ìka méjì fún un, ibì kan rọ̀ bí okùn bàtà. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pá yẹn gbọ́dọ̀ wà lókè ká tó fọwọ́ yí i jí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ta padà, ó sì lè ṣẹ́ èèyàn lápá, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dáa níbẹ̀rẹ̀ tó ń tàn wá jẹ.

Mo so wáyà tuntun. Bàbá jáde wá pẹ̀lú tíì, wọ́n dúró, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n mi orí. Mi ò sọ pé mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Sátidé mẹ́ta ni mo fi ń pààrọ̀ nǹkan ṣá, wọn ò parọ́ mọ́ mi. Ó ṣì dùn mí. Mo tún ń rò ó báyìí pé kẹ́tù ń hó nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ yẹn, bóyá "kò tíì máa gbọ́" ni wọ́n sọ...