Ẹ fi agbára sílẹ̀ de ìsọ̀kalẹ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí òkè Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà

Tẹ́ẹ bá ń palẹ̀ mọ́ láti lọ wo omi tó ń já látorí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ẹ jẹ́ n tètè sọ èyí kí n tó gbàgbé, ìsọ̀kalẹ̀ ni iṣẹ́ wà, kì í ṣe ìgòkè. Gbogbo ẹni tó bá ti débẹ̀ tó wá ń gbé fọ́tò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n ṣe gùn ún ni wọ́n máa ń ròyìn, ẹ ò ní gbọ́ bí orúnkún ṣe ń gbọ̀n nígbà tí wọ́n ń bọ̀ nílẹ̀. Mo ti bá ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ, mo ti bá àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ, mo ti kó àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ, ohun kan náà ni mo ń rí ṣáá: wọ́n á fi gbogbo agbára sáré gun ìpele kìíní, wọ́n á sáré gun ìkejì, wọ́n á pariwo, wọ́n á jó nínú omi, tó bá wá ku ká máa bọ̀ nílé, ẹsẹ̀ ò gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu mọ́. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń ṣubú.

Ẹni tí ò bá mọ ibẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Olúmirìn lorúkọ omi yẹn gan-an, àmọ́ tẹ́ẹ bá ti lẹ́ẹ̀ ń lọ síbi omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, díráfà ti mọ̀. Kì í ṣe ojú kan ló ti ń já, ìpele méje ni. Omi á já láti orí àpáta, á balẹ̀ sínú adágún kékeré kan, á ṣàn gba àárín igbó lọ díẹ̀, á tún já. Ẹni tó bá gùn ún dé orí pátápátá, abúlé ló máa bá lókè, Àbákẹ́ ni wọ́n ń pè é, òun àti ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lápá Èkìtì ló jọ pààlà. Ìtàn àwọn ará ibẹ̀ ni pé Akinlà, ọmọ ọmọ Odùduwà, tó tẹ ìlú Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà dó, òun ló rí omi náà ní nǹkan bí ọdún 1140. Obìnrin ni o. Mo máa ń rán àwọn ọkùnrin tó bá ń sọ fún mi pé "àǹtí, ẹ dúró nísàlẹ̀ kẹ́ẹ bá wa mú báàgì dání" létí.

Ìgbà tẹ́ẹ bá lọ ṣe pàtàkì ju bẹ́ẹ ṣe lágbára tó lọ. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, omi máa ń pọ̀, ariwo ẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ kẹ́ẹ tó rí i, ó dùn ún wò gan-an, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń yọ̀, gbòǹgbò igi ń yọ̀, kò síbi téèyàn ń tẹ̀ tí kò rin. Tó bá di oṣù kejì sí ìkẹta, ọ̀nà ti gbẹ, ẹsẹ̀ ń rí ibi mú, àmọ́ omi á ti fà, ẹni tó ti Èkó wá á wá máa bínú pé ṣé torí èyí lòun ṣe jí láàárọ̀ kùtù. Èmi ò, ìparí oṣù kẹwàá wọ oṣù kọkànlá ni mo fẹ́ràn jù, òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ilẹ̀ ti ń le díẹ̀díẹ̀, omi ò sì tíì lọ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lọ lọ́jọ́ ọdún. Ọjọ́ kejì Kérésì, ọjọ́ Ajé Àjíǹde, Iléyá, gbogbo ayé ló máa wà níbẹ̀, wọ́n á gbé ẹ̀rọ orin wá, ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo yẹn ni àwọn tó ń gòkè àtàwọn tó ń sọ̀ á wá jọ máa fà mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Tẹ́ẹ bá sì fẹ́ kọjá ìpele kejì, àárọ̀ ni kẹ́ẹ débẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kọjá aago mẹ́wàá. Inú igbó máa ń ṣú ṣáájú ìta, ẹ lè rò pé ó ṣì kù kí ilẹ̀ ṣú, ẹ ó kàn rí i pé ẹ ò rí òkúta iwájú yín dáadáa mọ́. Òfin tèmi ni pé tó bá ti di aago méjì ọ̀sán, ibi yòówù ká dé, ibẹ̀ la ti ń yípo padà. Wọ́n máa ń bínú sí mi, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tiẹ̀ ní mo ń ṣe bíi mátírọ̀nù ilé ìwé àwọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bàtà. Ẹ má wọ sílípáàsì, ẹ má wọ bàtà funfun tẹ́ẹ rà nítorí fọ́tò, Crocs náà ò dáa, ó máa ń bọ́ lẹ́sẹ̀ téèyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀. Kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ṣì ní eyín ló dáa, kó ti gbó díẹ̀, kó má jẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé àwọn tó ń gba ibẹ̀ lọ sóko, bàtà rọ́bà yẹn ni wọ́n ń wọ̀, èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà fún àwọn àgbẹ̀, owó ẹ̀ ò tó nǹkan, omi ò ní wúwo nínú ẹ̀, ó sì ń mú ilẹ̀. Mo ra tèmi níwọ̀nba ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti Ìbàdàn dé Iléṣà, nígbà tó di pé kó máa di ejìká mi mú lórí àpáta, kò rántí yẹ̀yẹ́ mọ́. Ẹ má wọ jíǹsì, tó bá rin tán, ẹ̀ ń gbé omi àtaṣọ gun òkè nìyẹn. Aṣọ tó fúyẹ́, tó gùn bo apá àti ẹsẹ̀, torí wèrèpè. Ẹni tí wèrèpè ò tíì mú rí kò mọ̀ pé mo ń ṣàánú òun. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí èso ẹ̀ bá ti gbẹ, irun ara ẹ̀ máa ń fò nínú afẹ́fẹ́, kẹ́ẹ má tiẹ̀ fọwọ́ kàn án rárá, á yún yín. Tó bá mú yín, ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ má họ ọ́, ńṣe lẹ máa tàn án kálẹ̀.

Láti géètì dé ìpele kìíní, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì ṣe àtẹ̀gùn, ọmọdé lè rìn ín, ìyá àgbà lè rọra rìn ín. Ibi tí èrò pọ̀ sí jù náà nìyẹn, ọ̀pọ̀ ò kọjá ibẹ̀ rí, wọ́n á lúwẹ̀ẹ́, wọ́n á ya fọ́tò, ó tán. N ò bá wọn wí. Ibi tí ìgbádùn wà lójú tèmi ni òkè lọ́hùn-ún, tí ariwo èèyàn ti lọ tó kù ariwo omi, ṣùgbọ́n láti ìpele kìíní lọ sí ìkejì, àtẹ̀gùn ti tán, gbòǹgbò igi àti òkúta lẹ ó máa dì mú, ibòmíì sì wà tí ọ̀nà dúró ṣánṣán lójú yín. Ibẹ̀ lẹ nílò ọmọ ìlú kan tó mọ ọ̀nà. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń wà nítòsí géètì tó ń mú èèyàn gòkè, ẹ dúnàá dúrà kẹ́ẹ tó gbéra, ẹ sọ iye ìpele tẹ́ẹ fẹ́ dé, kẹ́ẹ sì mú owó ìnáwó dání lọ́wọ́, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kì í ṣe ohun téèyàn ń gbẹ́kẹ̀ lé, kẹ́ẹ má lọ máa wá ibi tẹ́ẹ ti máa ṣe tiransífà.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn ló kọ́ mi ní ìtẹ̀sẹ̀. Ó ní kí n wo gbòǹgbò dáadáa, èyí tí bàtà àwọn èèyàn ti ha títí tó ń dán, kí n má tẹ orí ẹ̀, kí n tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, níbi tí iyẹ̀pẹ̀ wà. Òkúta pẹ̀lú, èyí tó gbẹ tó sì rí gbágungbàgun ni kéèyàn tẹ̀, èyí tí nǹkan aláwọ̀ ewé bò, tí omi ń rọra ṣàn lórí ẹ̀, bí ilá ló ṣe ń yọ̀. Kí n tó di igi mú, kí n kọ́kọ́ mì í wò, torí igi kan wà tó dúró ṣùgbọ́n tó ti kú, òmíì sì ní ẹ̀gún. Àti pé ẹsẹ̀ méjì ọwọ́ kan, tàbí ọwọ́ méjì ẹsẹ̀ kan, ó gbọ́dọ̀ fara kan nǹkan nígbà gbogbo, ẹyọ kan ṣoṣo ni kó máa ṣí. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ìyá kan ń bọ̀ láti òkè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà lórí ẹ̀, tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò di nǹkan kan mú, ó kàn yẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó kí wa, ó ní, "Ẹ rọra o ẹ̀yin ọmọ, ilẹ̀ ń yọ̀," ó ti kọjá. Gbogbo wa kàn ń wò ó ni. Ìgbà tó lọ tán ni mo wá rí i pé ọ̀nà tó gbà sọ̀ kalẹ̀ yẹn lohun tí mo gbọ́dọ̀ kọ́, kì í ṣe bá a ṣe máa gòkè.

Torí náà bẹ́ẹ ṣe máa sọ̀ rèé. Ẹ má kọjú sí ìsàlẹ̀ gbọnrangandan kẹ́ẹ wá máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dá ara yín dúró, ẹ yẹ̀gbẹ́, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó na tàntàn. Kí ìṣísẹ̀ kéré. Ibi tó bá dúró ṣánṣán jù, ẹ yíjú sí àpáta, ẹ fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ bí ìgbà téèyàn bá ń sọ̀ lórí àkàbà. Tó bá sì gba kẹ́ẹ jókòó kẹ́ẹ fi ìdí wọ́ ọ, ẹ wọ́ ọ, ta ló ń wò yín? Ṣòkòtò ṣeé fọ̀. Ẹ má so ọwọ́ pọ̀ ní ìlà, mo mọ̀ pé ó jọ ìfẹ́, àmọ́ ẹnì kan bá yọ̀ báyìí, gbogbo yín lẹ máa bá a lọ. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín ara yín, kí ẹni tó lágbára jù wà nísàlẹ̀, kì í ṣe lókè. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́.

Nǹkan míì tó yẹ kẹ́ẹ fi sọ́kàn, apá òkè lápá Ẹ̀fọ̀n lomi yẹn ti ń bọ̀, òjò lè máa rọ̀ lọ́hùn-ún kí oòrùn máa ràn lórí yín nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ bá wà nínú adágún, tí omi tó mọ́ tẹ́lẹ̀ ṣàdédé pọ́n, tí ewé àti igi wẹ́wẹ́ ń bá a bọ̀, tí ariwo ẹ̀ sì yí padà, ẹ má mú fóònù jáde, ẹ má pe ara yín wá wò ó. Ẹ jáde nínú omi lójú ẹsẹ̀ kẹ́ẹ gun ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ tí ọ̀nà ilé wà ni kẹ́ẹ sì gùn, kì í ṣe òdìkejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó jókòó síbẹ̀ títí omi á fi fà. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, bẹ́ẹ bá ń lúwẹ̀ẹ́ náà kí ẹnì kan máa wòkè. Ẹ má sì bẹ́ lu adágún láti orí àpáta, òkúta wà nísàlẹ̀ tí ìfófòó omi ò jẹ́ kẹ́ẹ rí.

Omi mímu, ẹ gbé tiyín lọ, ó kéré tán lítà kan àbọ̀ fún ẹnì kan. Mo mọ̀ pé láyé àtijọ́ omi ọ̀wọ̀ ni wọ́n kà á sí, wọ́n ń bọ ọ́, wọ́n gbà pé ó ń wẹ èèyàn mọ́, àwọn kan ṣì ń bu ún lọ sílé. Tiyín lẹ mọ̀ tẹ́ẹ bá fẹ́ bu ún, n ò bá ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni jà, mo kàn ń rán yín létí pé abúlé wà lókè, èèyàn ń gbé níbẹ̀, ẹran ń jẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ẹ sè é kẹ́ẹ tó mu ún. Oúnjẹ tó dáa láti mú dání ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ̀pà, ẹyin sísè. Ẹ má lọ jẹ iyán yó ní Iléṣà kẹ́ẹ tó gòkè o, mo mọ̀ pé iyán Ìjẹ̀ṣà kì í ṣeé kọjá, ẹ fi dúró dé àbọ̀. Náílọ́nù píọ̀wọ́tà tẹ́ẹ bá mu tán, ẹ kó o sí báàgì padà. Ó ń dùn mí tí mo bá ń rí i láàárín àwọn òkúta.

Tẹ́ẹ bá dé ìsàlẹ̀, ẹ pààrọ̀ aṣọ kẹ́ẹ tó wọ mọ́tò, àgàgà tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́. Lọ́jọ́ kejì, iwájú itan ló máa dùn yín jù, torí iṣan ibẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ bíréèkì fún yín ní gbogbo ìgbà tẹ́ẹ fi ń sọ̀ kalẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dáa fún un, ẹ sì rìn díẹ̀díẹ̀, ẹ má sùn sílẹ̀ kalẹ̀. Ó lè tó ọjọ́ méjì mẹ́ta kó tó lọ. Ìdí tí mo fi ń gba àyè níbiṣẹ́ nìyẹn kí n lè lọ ní Jímọ̀, èrò ò ní pọ̀, màá sì rí Sátidé àti Sọ́ńdè fi sinmi, torí pẹtẹ́ẹ̀sì kẹta ni ọ́fíìsì wa wà, lífítì ò sì sí.