Àtàǹpàkò Màmá Àgbà

Kábà, ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ̀rọ kò mọ àtàǹpàkò Màmá àgbà. Káàdì ìdìbò wọn ló ya sí méjì, la bá lọ gba tuntun. "Màmá, ẹ tún un tẹ̀," ni ọmọdébìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ń wí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, pàbó. Wọ́n fi etí ìró nu ọwọ́, wọ́n tún un tẹ̀. Mo wá wo ọwọ́ ọ̀hún dáadáa: ó ń dán bí ọmọ odó. Ẹ̀gẹ́ bíbó, òwú rírán, fún ọdún tó lé ní ọgọ́rin. Ìlà wo ni ì bá kù níbẹ̀?

Mo ní kí a máa lọ sílé. Wọ́n wò mí bí ẹni tó bú wọn.

"Ìbò 1959, bàbá rẹ àgbà nìkan ló lọ. Àbúrò mi tó wà nílé ọkọ ní Ọ̀mùò dìbò. Èmi ò gbọdọ̀ dì í. Ọmú kan náà la mu o!"

Ọ̀mùò, ní Èkìtì, wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, àwa wà lábẹ́ ti Àríwá. Ìyàmọ̀yé, ìlú wa, sí Ọ̀mùò, ṣé ìrìn-àjò nìyẹn? Àmọ́ 1976 ni obìnrin Àríwá tó lẹ́tọ̀ọ́ ìbò.

Láti ilé-ìwé ni mo ti fẹ́ràn Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì. Ìyá Fẹlá làwọn èèyàn mọ̀ ọ́n sí, àbí obìnrin tó wa mọ́tò (wọn ò ní ṣàì sọ ti mọ́tò yẹn ṣá). Èyí tó wọ̀ mí lára ni pé ó kàwé dé Ìlú Ọba, síbẹ̀ ó bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó ró ìró, Yorùbá ló sì ń sọ sí àwọn aláṣẹ òyìnbó, kí àwọn ìyá ọlọ́jà tó kó lẹ́yìn lè gbọ́ ohun tó ń bá wọn sọ. Nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, òun àtàwọn ìyá ọlọ́jà dó ti ààfin Aláké ilẹ̀ Ẹ̀gbá títí Kábíyèsí fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ẹ̀tọ́ obìnrin láti dìbò náà wà lẹ́nu rẹ̀ títí. Gambo Sawaba tó gbé irú ìjà bẹ́ẹ̀ ní Àríwá, àìmọye ìgbà ló ṣẹ̀wọ̀n. Ọdún 1976 bá Fúnmiláyọ̀ láyé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn sójà jù ú látojú fèrèsé ilé ọmọ rẹ̀. Ó kú ní 1978. Ìbò 1979 ni Màmá kọ́kọ́ dì.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ̀gbá ni?"

"Ẹ̀gbá ni, Màmá."

Wọ́n mirí. "Ó ṣe é. Ó kàn pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ni."

Mo fẹ́ gbèjà rẹ̀, mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ìka àárín ni ẹ̀rọ gbà níkẹyìn. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa bọ̀, wọ́n ká ìwé kékeré tí wọ́n fún wọn sí etí aṣọ, wọ́n ní kí n pe Ọ̀mùò.

"Ọ̀kún o," ni wọ́n wí sínú fóònù. "Mo ti gba tèmi. Ìwọ ńkọ́?"