Òkun Ayétòrò àti Ògiri Canvey
Nígbà tí mo padà dé Ayétòrò, ìlú mi ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lóṣù Kejìlá tó kọjá, lẹ́yìn ọdún 11, mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ wo ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A rìn lórí afárá pákó títí ó fi tán, ọmọ náà sì nawọ́ sójú omi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ibi tí ìgbì ti ń fọ́ yẹn ni.” Ọmọ ọdún 14 ni, kò rántí ilé náà. Ibi tí a sin bàbá mi sí kò jìnnà sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, nítorí náà n kò tún béèrè ìyẹn.

Canvey ni mò ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, erékùṣù kan ní ẹnu ibi tí odò Thames ti ń wọ òkun. Àwọn ẹbí mi gbà pé mo fi etí òkun sílẹ̀ lọ sí ibi tí ìdààmú omi kò sí, wọ́n sì gbà pé ẹni tó bá ń gba owó pọ́n-ùn lè kọ́ ilé tí òkun kò ní lè gbé. Irọ́ ni méjèèjì. Ti iná mànàmáná, ti òtútù, ti pé aládùúgbò mi kò tíì mọ orúkọ mi lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, n kò ní pẹ́ lórí wọn. Ohun tó ń dùn mí ni ohun tí ìlú méjèèjì rí gbà nígbà tí omi dìde sí wọn.

Ọdún 1947 ni àwọn Àpọ́sítélì, ìjọ onígbàgbọ́ tí àwọn bàbá wa wà, dá Ayétòrò sílẹ̀ ní etí òkun Ìlàjẹ. Wọ́n jùmọ̀ ń ṣiṣẹ́, àpò kan ṣoṣo sì ni owó gbogbo ìlú ń wọ̀. Lọ́dún 1953, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá nílẹ̀ wa ṣì ń tan fìtílà, iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀. Ọdún 1953 yẹn kan náà, lóru ọjọ́ 31 oṣù Kìíní, ni omi òkun ya wọ ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì pa ènìyàn 307. Ó lé ní 50 nínú wọn tó jẹ́ ará Canvey. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mọ ògiri tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ yí erékùṣù náà ká, wọ́n sì fi ẹnu ọ̀nà irin sí i, èyí tí wọ́n máa ń tì bí omi bá fẹ́ kún.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ọmọdé nígbà ìkún-omi náà. Bí ìjì bá ti ń jà, yóò pè mí, yóò bi mí pé ṣé wọ́n ti ti ẹnu ọ̀nà odi. Èmi yóò ní, “Wọ́n ti tì í, Mà,” yóò sì sùn. Ìgbàkígbà tí mo bá fún un lésì yìí, ọkàn mi máa ń lọ sílé, nítorí kò sí ẹnu ọ̀nà kankan tí ẹnikẹ́ni lè tì fún àwọn ènìyàn mi. Ó ti lé ní 20 ọdún tí a ti ń gbọ́ pé iṣẹ́ àtidá òkun dúró ti jáde, ṣùgbọ́n òkun nìkan ló ń wá.

Nígbà tí mo dé Ayétòrò yẹn, ìyá tó bí mi kò sí mọ́. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Àbúrò, ni mo wọ̀ sí. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń yọ ìṣó lára pákó ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, ilé kẹta tí wọ́n tú nítorí òkun. Wọ́n á gbé ìṣó tó tẹ̀ lé orí irin, wọ́n á fi òòlù lù ú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi nà, wọ́n á sì jù ú sínú agolo mílíìkì. Wọ́n ní kí n fi owó ilé tuntun ránṣẹ́. Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí a ra ilẹ̀ sí Igbókọ̀dá, níbi tó jìnnà sí òkun.” Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Ìwọ ti fi ìlú sílẹ̀ fún òkun.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lára mi bí ẹ̀gún. Bí mo bá dúró, n bá wà lára àwọn tó ń ṣí ilé kiri, owó tí mo fi ń rán ọmọ mẹ́rin lọ sílé-ẹ̀kọ́ kò sì ní sí. Mi ò kórìíra ìlú mi. Ilé orí iyanrìn tó ń lọ ni n kò lè kọ́.

Kí n tó kúrò, mo fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé tuntun náà sí dé etí omi, ó jẹ́ ìṣísẹ̀ 64. Mo bẹ Bàbá Àbúrò kí wọ́n máa bá mi wọ̀n ọ́n. Nígbà tí mo pè wọ́n lóṣù tó kọjá, wọ́n ní ó ku 51, wọ́n sì bi mí pé ìgbà wo ni owó pákó yóò dé. Mo ní owó wà nílẹ̀, wọ́n kàn ní láti gbà pé Igbókọ̀dá ni yóò lọ.